Ta Ló Ya Fọ́tò Ẹ̀gbọ́n Mi Khiêm?

Ẹ̀gbọ́n mi Khiêm, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Lójú àwọn ará ilé, bí àná ló rí. Ní tèmi o, ó gùn, nítorí kò sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tí wọn kò fi mí wé yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Ngân ọmọ yín ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó sì ń kanra bíi tiyín. Lựu ìyàwó yín ti parí àjà kẹta ilé tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Dókítà ti yọ ohun funfun tó bo ojú Màmá, ojú méjèèjì ti là kedere. Ó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú ìrẹsì báyìí láìlo awò.

Sítúdíò fọ́tò wa ò tì. Mo ṣì ń ya áo dài, aṣọ gígùn ilẹ̀ wa, fún àwọn aránṣọ, mo ṣì ń ya ìgò, bàtà àti ọṣẹ. Orúkọ yín ṣì wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà, Màmá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àfi èmi, tí mò ń gun àkàbà lóṣooṣù láti nù ún kó lè máa dán.

Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń jowú yín! Mo mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn sọ irú èyí níwájú tùràrí, ṣùgbọ́n ta ni kí n sọ ọ́ fún? Mo jowú yín nígbà tí ẹ wà láyé, mo rò pé ikú yóò pa á rẹ́. Kò pa á rẹ́! Tí mo bá fi pẹ́ẹ̀gì há aṣọ mọ́ ọmọge lẹ́yìn kó lè bá a mu níwájú, aránṣọ á ní, "Khiêm kì í lo pẹ́ẹ̀gì tó báyìí." Tí mo bá gbé iná sọ́tùn-ún, wọ́n á ní òsì ni Khiêm máa ń gbé e sí. Mo gbé e sósì. Wọ́n ní kì í ṣe irú òsì yẹn.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ìgò omi ẹja tí a fi ń se ọbẹ̀? Ohun tó bá ń dán máa ń gbé ẹni tó ń yà á sára bíi jígí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń dúró sẹ́yìn aṣọ dúdú tí ẹ dá ihò sí. Èmi kì í rántí. Ẹ̀yin á wo fọ́tò tí mo yà, ẹ á pariwo: "Thuần! Ikùn ẹ tún ti wọnú ìgò o! Omi ẹja làwọn èèyàn fẹ́ rà, wọn ò fẹ́ ra ikùn!" Gbogbo sítúdíò á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, á sì máa dùn mí.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni fọ́tò yín tó wà lórí pẹpẹ yìí. Ẹ ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ẹ ò ní fọ́tò ara yín kan tó dára! Nígbà tí ẹ kú lójijì, èyí nìkan ni mo rí, tọjọ́ tí ọmọge tí a fẹ́ yà pẹ́ dé, tí ẹ jókòó sí àyè rẹ̀ kí n lè dán iná wò. Èmi ni mo tẹ kámẹ́rà. Èmi ni mo yọ síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn yín lórí kọ̀ǹpútà, tí mo fi kóòtù rọ́pò rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe fún fọ́tò òkú. Ẹkún ni mo fi ṣe é.

Bí a ti gbé e sórí pẹpẹ, Màmá nawọ́ sí i: "Ẹ wo ọmọ mi! Kódà fọ́tò òkú ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló yà á sílẹ̀!" Ọ̀rọ̀ náà tù ú nínú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀ níbi ìsìnkú? Lọ́jọ́ ìrántí yín lọ́dọọdún ni àwọn àlejò ń yìn yín lórí fọ́tò náà, lọ́dọọdún ni mò ń jẹ ẹran láìmọ adùn rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo tí mo yà re láyé mi, ẹ̀yin náà ni wọ́n fún!

Lánàá tó jẹ́ ọjọ́ ìrántí yín, Lựu se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú ẹyin bí ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ngân gbé kọfí oníyìnyín yín síwájú fọ́tò. Wọ́n tún ti lọ ṣe kámẹ́rà onípépà wá láti àdúgbò Chợ Lớn tí a ó sun ránṣẹ́ sí yín bí a ti ń ṣe fún òkú, pẹ̀lú lẹ́ńsì mẹ́ta. Lẹ́ńsì mẹ́ta! Èmi tí mo wà láyé, méjì ni mo ní, ọ̀kan sì ti há.

Màdáámù Diệp tó ń ṣe omi ẹja, oníbàárà yín àtijọ́, náà wá. Ó di tùràrí mú, ó tẹríba lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wo fọ́tò yín pẹ́. Ó wá sọ fún Lựu, "Mo ní ìgò tuntun, mi ò tíì rí ẹni tí màá gbé e fún kó yà á. Ì bá ṣe pé ẹni tó ya fọ́tò yìí wà láyé ni!"

Mo wà láyé! Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, mo gbé abọ́ ọbẹ̀ dání! Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń bá òkú du ògo. Mo gbé ọbẹ̀ kalẹ̀.

Màmá ló dìde láti nu eérú tùràrí kúrò lára jígí fọ́tò náà. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti là, kò tíì sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó nù ún, ó dáwọ́ dúró, ó sì tẹjú mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiyín.

"Thuần," ó ní, "kí ni ikùn ẹ ń wá nínú ẹyinjú ẹ̀gbọ́n ẹ?"

Ngân mú fóònù, ó fi fẹ ojú yín kó tóbi. Òótọ́ ni! Agbòòrùn funfun tí a fi ń tan iná síni lójú wà nínú ẹyinjú yín méjèèjì, òjìji ọkùnrin oníkùn kan sì dúró níwájú rẹ̀, ó gbé kámẹ́rà sójú. Mo ti tún ọrùn kóòtù ṣe, mo ti yọ ewú kúrò lórí yín, ojú nìkan ni mi ò yẹ̀ wò. Ta ló lè wo ojú yín lọ́jọ́ yẹn!

Ngân figbe ta: "Bàbá Kékeré ló yà á!"

Màmá yíjú sí mi. "O wá jẹ́ kí n máa parọ́ fún àlejò fún odidi ọdún mẹ́ta?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Ìwọ ọmọ yìí!" Aṣọ tó fi ń nu fọ́tò yín náà ló fi nu ojú ara rẹ̀.

Màdáámù Diệp wò mí látòkèdélẹ̀. "Wá gbé ìgò mi ní Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, fi ikùn ẹ sílé." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, èmi náà rẹ́rìn-ín, kò sì dùn mí.

Mo ti borí yín, àbí? Nígbà tí wọ́n padà sídìí oúnjẹ, mo lọ dúró níwájú yín láti gbádùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Ẹ̀rín yín ni gbogbo èèyàn ń yìn nínú fọ́tò yẹn, kì í ṣe iná mi. Bí mo ṣe fẹ́ tẹ kámẹ́rà ni ẹ wo ikùn mi tí ẹ ní, "Thuần, ojú èmi náà ń dán o, lọ fara pamọ́!" Ẹ̀rín sì gbé yín lọ. Ẹ ti gba ìdajì ògo rẹ̀ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní jẹ́ kí n dá ní nǹkan kan!

A ti sun kámẹ́rà náà, ẹ lò ó re. N ó nu orúkọ yín lóṣù tó ń bọ̀. Ní Mọ́ńdè, n ó dá ihò sí aṣọ dúdú, n ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò yẹ ìgò náà wò kó tó bú mi. Àárò yín ń sọ mí! Mo fẹ́ràn yín, owú yín ò sì tíì tán nínú mi. Ẹ̀ bá padà wá, kí n lè máa jowú yín lójúkojú.

Èmi àbúrò yín oníkùn,
Thuần.