Òjò Àkọ́rọ̀ Tó Mú Màmá Adétóun Jáde

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, ọdún 1910 ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n, Olóògbé Adétóun Ọ̀ṣínọwọ̀, sí ìdílé Ògúndèyí ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn. Ìyá wọn, Ojúọlá, ń hun ẹní. Sítáńdáàdì Kejì ni Màmá kàwé dé kí wọ́n tó jókòó ti ìyá wọn nídìí ẹní.

Ní ọdún 1931, wọ́n di aya Ọ̀gbẹ́ni Harold Ọ̀ṣínọwọ̀, káfíńtà ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá wa a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ìyàwó òun kì í tètè ti odò dé, nítorí kò sí ẹyẹ tó ń kọrin lọ́nà tí kì í dúró gbọ́. Bàbá wa ṣípò padà ní ọdún 1969.

Akọrin ni Màmá nínú ìjọ Áńgílíkà. Àwọn náà ni wọ́n gbin igi síwájú ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò, kí àwọn aboyún lè rí ibòji jókòó sí.

Ní ìparí ọdún 1982, ojú wọn kò ríran mọ́. Màmá tí ẹ̀rín wọn máa ń dé títì wá ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Wọn kò hun ẹní mọ́, oúnjẹ kò wù wọ́n. Oṣù mẹ́ta gbáko ni àwa ọmọ fi bẹ̀ wọ́n, ẹ̀rù sì ń bà wá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ọdún 1983, òjò ṣú. Àlàájà Mùínátù, ọ̀rẹ́ wọn láti ìgbà ọ̀dọ́, wọlé wá.

"Ìyá Bísí, òjò àkọ́rọ̀ rèé. Ẹ jẹ́ ká jáde."

"Kí ni mo fẹ́ jáde lọ wò, Àlàájà?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wò ó? Ẹ wá gbọ́ ọ ni."

Àlàájà fà wọ́n lọ́wọ́ jáde. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, òórùn ilẹ̀ tútù gbòde. Màmá gbójú sókè. "Bí oko bàbá mi ṣe máa ń rùn nìyí," ni wọ́n wí. Wọ́n wá sọ bí bàbá wọn ṣe fi ewé kókò bò wọ́n lórí nínú irú òjò bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tí òjò sì pa bàbá fúnra wọn títí dé ilé. Ni Màmá bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n wọlé pẹ̀lú aṣọ tútù, wọ́n béèrè bóyá ìkọ́kọrẹ́ ṣì kù níkòkò.

Láti ọjọ́ kejì ni ìka wọn ti padà sídìí ẹní. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa wá ní ìrọ̀lẹ́ láti gbọ́ orúkọ ẹyẹ, torí ohùn lásán ni Màmá fi ń mọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ keje oṣù kọkànlá ọdún 1987, àkọ́bí wọn, Bísí, ń dirun fún wọn. "Dì í kéékèèké o, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la," ni wọ́n wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, wọ́n sì sùn lọ.

Ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àtọmọdọ́mọ méjì ni wọ́n fi sáyé lọ.

Ìyá wa àtàtà, ẹ ṣeun tí ẹ kọ́ wa láti máa yọ̀ sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá rí. Kí Olúwa tẹ́ yín sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ sùn re o.