Gbogbo Bàbá Ló Ga, Gbogbo Bàbá Ló Pupa

Bàbá mi ọ̀wọ́n, alágbàfọ̀ tí aṣọ ẹnikẹ́ni kò mọ́ tó lójú rẹ̀,

Èmi ọmọ yín ni mo kọ ìwé yìí o. Ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó bá mi kọ ọ́, ọwọ́ ara mi ni. Mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsọlọ̀, kò jìnnà sí ilé ọmọ mi ní Jákáńdè. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé la ń jókòó sí, orúnkún mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àgbọ̀n mi. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ti parí yunifásítì, wọ́n ti parí pólì, èmi ló wá kù tí mo ń gbé báàgì ìwé kọ́ èjìká. Ǹ bá ní kí ẹ má rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ kì í rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín ni pé yẹ̀yẹ́ kún inú mi, n kò sì rí ẹni bá ṣe é. Tí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, wọ́n á ní kí n ní sùúrù, pé tíṣà ń gbìyànjú. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbádùn ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà sókè, tí ẹ ó na kọ́là rẹ̀ sójú oòrùn, tí ẹ ó sì yínmú? Ẹ kì í sọ nǹkan kan. Ẹ ó kàn yínmú, ẹ ó sọ ṣẹ́ẹ̀tì náà sínú omi ọṣẹ, ẹni tó ni ín á sì máa wo ilẹ̀ bí ẹni tó jalè. Ojú ìyá mi ló wà lójú mi, gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n imú yìí, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti gbé e.

Nígbà tí a mọ̀wé kà díẹ̀, tí a sì lè kọ orúkọ àti àdírẹ́sì wa, tíṣà ní ó ku àròkọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni tíṣà wa. Ó máa ń wọ táì nínú ooru, táì kan náà láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n; ẹ̀yin ì bá ti fi tipátipá bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀ kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kọ gbólóhùn kan láìṣàṣìṣe, á ní, "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Màmá!" Àwọn àgbàlagbà á sì máa pàtẹ́wọ́ fún ara wọn bí ìgbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìdúró. Wọ́n ti pa irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ara mi bù máṣọ.

Tíṣà ní àròkọ ní ìfáárà, ó ní àárín, ó sì ní ìgúnlẹ̀. Nínú ìfáárà, kí á sọ ohun tí a fẹ́ sọ. Ní àárín, kí á wá sọ ọ́. Ní ìgúnlẹ̀, kí á tún rán wọn létí pé a ti sọ ọ́.

Mo nawọ́. Mo ní, "Tíṣà, ṣé adití ni ẹni tó fẹ́ kà á?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá Jákáńdè, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Àròkọ àkọ́kọ́ tí mo kọ, iṣẹ́ mi ni mo kọ nípa rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù òwú àti bọ́tìnnì tí mo ní ní Òkóta nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì gbé mi. Ẹ mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í dùn lẹ́nu mi tí n kò bá fi òwe sí i. Mo fi òwe sí i dáadáa. Tíṣà mú bíró pupa, ó fa ìlà gba orí gbogbo wọn kọjá. Ó ní àròkọ lòun ní kí n kọ, òun kò ní kí n to òwe jọ. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìlà pupa náà, ẹ ò ní fẹ́ fọ̀ ọ́. Ó dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n fi omi nìkan sè. Ó fún mi ní máàkì tó dáa lórí rẹ̀. N kò dúpẹ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá kan àròkọ tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé yìí. Àkòrí rẹ̀ ni "Bàbá Mi." Kí á má bàa ṣi ọ̀nà gbà, tíṣà kọ àpẹẹrẹ kan sójú pátákó. Ó ní: Bàbá mi ga, ó sì pupa. Oúnjẹ tó fẹ́ràn jù ni ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ó máa ń ra búrẹ́dì bọ̀ fún wa nírọ̀lẹ́. Onínúure ni, kò lẹ́gbẹ́. Ó ní àpẹẹrẹ lásán ni o, kí oníkálukú kọ tirẹ̀.

Bàbá, nígbà tí àsìkò tó kí á kà á jáde, gbogbo bàbá ló ga. Gbogbo bàbá ló pupa. Bàbá àgbàlagbà kan wà láàárín wa tó ti ṣe mẹ́gáàdì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó dúdú kirikiri, orí rẹ̀ kò sì kọjá èjìká mi: bàbá tirẹ̀ náà ga, ó pupa, ó ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ìyá Sìkírù, tó ń ta ike àti korobá ní Àìlégùn, tó máa ń jókòó níwájú pátápátá tí á sì dáhùn ìbéèrè kí tíṣà tó bi í tán, ó da gbogbo ohun tó wà lójú pátákó kọ, ó sì kà á bí ẹni ń ka ìròyìn. Mo wo gbogbo wa yíká, àwa kúkúrú, àwa dúdú, mo ní, ibo ni gbogbo ìpupa yẹn gbà lọ? Mo yínmú. Mo yín in débi pé ó dùn mí.

Èmi kọ ohun tí mo mọ̀. Mo kọ ọ́ pé bàbá mi kúrú, ó sì dúdú. Mo kọ ọ́ pé alágbàfọ̀ ni, ó ń bu omi sẹ́nu, á fọ́n ọn sórí aṣọ kó tó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e, pé oníbàárà tó bá rí i tó sì bínú lọ, kò jẹ́ wá a lọ. Mo kọ ọ́ pé kò fẹ́ràn ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì yin nǹkankan rí láyé rẹ̀. Tí nǹkan bá dára kọjá àfẹnusọ, á ní, "Kò burú." Mo wá kọ nípa ọjọ́ tí mo gbé àkọ́bí mi wá hàn yín. Ẹ gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó títí. Ìyá mi ń retí àdúrà, èmi ń retí àdúrà. Ẹ ní, "Kò burú." Ìyá mi kò bá yín sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi ní tèmi, mo yí ojú sí ògiri, mo sunkún ayọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo sunkún? N kò sọ fún yín rí.

Nígbà tí mo kà á tán ní kíláàsì, ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Tíṣà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọjọ́ tí wọ́n máa fún wa ní satífíkéètì ti ń sún mọ́lé, ẹnì kan láàárín wa ló sì máa ka àròkọ rẹ̀ sétí àwọn àlejò.

Ó ní, "Màmá, tiyín ló dáa jù. Ẹ̀yin ló yẹ kó kà á. Ṣùgbọ́n kò ṣeé kà síta báyìí. Bàbá tó ti kú lẹ ń bú."

Mo ní, "Bú báwo? Mo ní ó kúrú ni."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó ga, Màmá. Ẹ ṣáà jẹ́ kó ga díẹ̀. Kí ẹ sì fi búrẹ́dì sí i. Kí ló wà nínú ìyẹn?"

Mo ní, "Bàbá mi ló wà nínú ẹ̀."

Ẹ má rò pé kò wù mí láti kà á. Ó wù mí gan-an. Mo ti fọ́nnu fún gbogbo ilé pé èmi ni wọ́n máa mú. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ti gbàyè kó lè wá gbọ́ ohùn mi. Nítorí náà mo jókòó sídìí tábìlì, mo kọ ọ́: Bàbá mi ga. Mo wo gbólóhùn náà, mo sì rí yín nínú rẹ̀. Ẹ ga lóòótọ́, ṣòkòtò yín sì ti fò sókè lẹ́sẹ̀ yín, ojúgun yín wà níta, ẹ ń wò mí bí ẹ ṣe ń wo oníbàárà tó ní kí ẹ dín sítáàṣì aṣọ òun kù. Ṣé ẹ̀yin ì bá fẹ́ kí n jẹ́ kí ẹ ga? Ṣé kíkúrú yẹn dùn yín rí, tí ẹ kò kàn sọ? Mo béèrè, mo dúró. Mo fa ìwé náà ya, mo sì dá àròkọ mi padà fún tíṣà bí mo ṣe kọ ọ́. Ó mú Ìyá Sìkírù.

Lọ́jọ́ satífíkéètì náà, wọ́n to àga sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Àwọn ọmọ mi jókòó, wọ́n ń wò mí tàánútàánú bí ẹni pé mo ṣàìsàn. Wọ́n pe Ìyá Sìkírù. Mo ti tún imú mi ṣe sílẹ̀ de yíyín. Ó bẹ̀rẹ̀: bàbá òun ga, ó pupa. Ohùn rẹ̀ le, ó ń já geere. Ìrẹsì àti ẹ̀wà kọjá. Nígbà tó dé ibi tí bàbá ti ń ra búrẹ́dì bọ̀ nírọ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ já. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún já. Ó fi gèlè nu ojú, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ kà á parí. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo dìde nítorí àwọn ọmọ mi. Lọ́kàn mi, mo ní, ẹ wo obìnrin tó ń sunkún sí ohun tí tíṣà kọ.

Mo tẹ̀lé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn kíláàsì, níbi tó ti ń bọ́jú. Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, n kò ní parọ́ fún yín.

Mo ní, "Ìyá Sìkírù, bàbá yín mà ga o! Ta lẹ wá fi kíkúrú jọ?"

Ó ní, "Èmi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀ kẹ̀?"

"Màmá Jákáńdè, n kò rí i rí. Kí wọ́n tó bí mi ló ti lọ. Ìyá mi kò sọ bó ṣe rí fún mi títí ó fi kú, tí mo bá bi í, á ní kí n lọ gbálẹ̀. Ọjọ́ tí tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó, mo wò ó, mo ní ó dáa, èyí á ṣe."

Ó fi etí ìró nu ojú. Ó ní, "Bàbá tiyín kúrú, ẹ fojú yín rí i pé ó kúrú. Ẹ ṣeun."

Bàbá, ẹ gbọ́ o. Èmi, tí òwe kì í wọ́n lẹ́nu mi, mo wá èyí tó bá a mu, n kò rí i. Kíkúrú yín, dúdú yín, omi tí ẹ ń fọ́n lẹ́nu, gbogbo ẹ̀ wá dà bí ilé alájà tí mo ń gbé lójú ẹni tí kò ní yàrá kan. Mo wò ó. Mo la ẹnu, ohùn yín ló jáde.

Mo ní, "Kò burú."

Ó pòṣé. "Kò burú kẹ̀? Gbogbo gbọ̀ngàn dìde fún mi, ẹ̀yin ní kò burú? Ẹ̀yin obìnrin yìí, ìgbéraga yín pọ̀!"

Mo tún ní, "Kò burú, Ìyá Sìkírù."

Ó ti fẹ́ bínú lọ. Ló bá dúró. Ó ti gbọ́ àròkọ tèmi ní kíláàsì, tó fi dé ibi tí ẹ ti gbé àkọ́bí mi sókè tí ẹ ní kò burú. Ó ní, "Ẹ ṣé o." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ má rò pé mo ti yípadà. A ti gba satífíkéètì, kíláàsì ṣì ń lọ, tíṣà náà ṣì ń wọ táì yẹn. Èyí tó kàn báyìí ni "Ọjọ́ Tí N Kò Lè Gbàgbé," ó sì ti kọ ọ́ sójú pátákó pé òun lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá òun ní Ìbàdàn, ojú ọjọ́ sì dára. Mo mọ̀ pé gbogbo kíláàsì ló máa lọ sí Ìbàdàn. Mo ti ń yínmú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá kan Ìyá Sìkírù, màá kọ́kọ́ bi í ná bóyá ó ti dé Ìbàdàn rí.

Ìwé yìí nìyí. N kò fi òwe kankan sínú rẹ̀, kí tíṣà má bàa rí nǹkan fa ìlà lé. Ẹ gbé e sójú oòrùn, ẹ na kọ́là rẹ̀, ẹ wò ó títí bó ṣe wù yín. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ yìn mí. Ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ sọ nígbà tí ẹ gbé àkọ́bí mi sókè, tí ẹ bá lè sọ ọ́ níbi tí ẹ wà, èmi á gbọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín kúkúrú tó jogún imú yín.