Ohùn Bàbá Rẹ Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Muqtadir Àyìndé, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé tí o wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọlọ́run tó jí wa lónìí yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ara mi le, orókún nìkan ló ń dùn mí. Ìjì ti ṣí páànù ilé ìdáná wa, Àdìjátù tó múlé tì wá sì ti bímọ obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Basheerah.

Ganiat ọmọ àbúrò mi tó ń ta gààrí ní Èbúté Èrò wá kí mi, ó ní kí n fọkàn balẹ̀ lórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ò ń ṣe. Ó ní ẹ máa ń mú kí kọ̀ǹpútà kọ nǹkan sínú fáìlì, kó sì kà á padà, kí ẹ lè mọ bó ṣe yára tó. Mo bi í pé kí ló ń kọ, ó ní kì í ṣe nǹkan gidi, ẹ ó sì pa á rẹ́. Àánú ẹ̀rọ náà ṣe mí. Ó ní ètò tí ẹ fi ń wọn ìyára rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n tún jẹ́ kí gbogbo ayé wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Jọ̀wọ́, wádìí àwọn èèyàn yẹn dáadáa, mi ò tíì rí ẹni tó fúnni lọ́bẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Apọ́ngbọ̀n kó tún kọ́ni bí òun ṣe sè é.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ganiat ní kọ̀ǹpútà tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ lo fẹ́ dán wò lọ́jọ́ Jímọ̀, pé ètò náà yóò kọ nǹkan bo gbogbo inú rẹ̀. Muqtadir, inú rẹ̀ ni ohùn bàbá rẹ wà. Nígbà tí bàbá rẹ ń ṣàdúà fún ọ kí o tó lọ sí Èkó, ìwọ lo gbà á sílẹ̀, o gbàgbé láti dá gbígbà náà dúró, wọ́n wá yíjú sí mi pé, "Ìyá Muqtadir, ṣé o ti jẹun?" Látìgbà tí wọ́n ti kú, kò sẹ́ni tó tún bi mí bẹ́ẹ̀. Mo rántí ojú wọn, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti ń lọ lọ́kàn mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Nígbà tí o wà nílé kéú, Àlùfáà Lùkúmọ̀n kì í jẹ́ kí o fọ wàláà kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó wà lórí rẹ̀ lẹ́nu rẹ. Má fọ eléyìí kí n tó gbọ́ ọ.

Bá mi wá owó ọkọ̀, àti ti páànù bí agbára bá ká a. Bashiru awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ni kí o fi rán. Má fi í sórí fóònù mi, iná ti tán nínú rẹ̀, mi ò fẹ́ kí owó náà sọnù sínú òkùnkùn.

Ọlọ́run yóò fún ọ lọ́mọ tí yóò fẹ́ máa gbọ́ ohùn rẹ. Mò ń bọ̀ kó tó di Jímọ̀. Má tíì se oúnjẹ dè mí. Jẹ́ kí bàbá rẹ kọ́kọ́ bi mí ná.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùtíátù