Rọ́bà Tí Kò Mọ Ìka Yín

Màámi àtàtà,

Mo kí yín o, níbi tí ẹ wà. Kí Ọlọ́run Ọba bá mi fi ọ̀run kẹ́ yín. Ilé ò dùn, n ò ní purọ́ fún yín. Mọ́tò ṣì ń dúró ní Ìkirè láti ra dòdò, iná ṣì ń jó, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó ti agbada epo ni mò ń bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹ ti dé láti Àpòmù pẹ̀lú ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ rántí àwọn abọ́ rọ́bà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì? Àwọn tó rọ̀ bí etí ọmọdé, tí iná ò lè yọ́. Ẹ fà á, ẹ lọ́ ọ, ẹ jù ú mọ́lẹ̀, ó tún padà sí bó ṣe wà. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Kí ẹ lè máa da dòdò gbígbóná sínú ẹ̀ kó fúnra ẹ̀ di roboto, kí ọwọ́ yín lè sinmi, ló ṣe fi í ránṣẹ́. Ẹ ṣàdúà fún un dáadáa, ẹ wá ń fi ọ̀kan bu iyọ̀, ẹ ń fi àwọn tó kù bomi fún adìyẹ. Háà, Màámi! Rọ́bà tó wọ bàálù wá!

Mo bẹ̀ yín títí pé kí ẹ lò ó, mo tiẹ̀ bínú. Ẹ ò gbọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n títí tó fi dúdú, ata, iyọ̀, epo pupa: tó bá ti jinná, ẹ ó wà á jáde, ẹ ó ki ọwọ́ bọ omi tútù, ẹ ó sì máa mọ ọ́n ní roboto nígbà tó ṣì gbóná janjan, torí bó bá tutù, kò ní lẹ̀ mọ́ra mọ́. Ojú ìka yín á wá hàn lára ẹ̀ kedere, títí kan ìka kékeré tó ti wọ́ látìgbà tí ilẹ̀kùn mọ́tò ti há a. Òun làwọn awakọ̀ fi ń mọ dòdò yín láàárín ti gbogbo Ìkirè. Èmi ò ka ìyẹn sí. Àtẹ́lẹwọ́ yín tó ti le, tó ti dúdú, ni mò ń wò tí ẹ bá gbé e sókè láti ṣàdúà. Àánú yín a máa ṣe mí.

Lọ́jọ́ tí ẹ lọ, orí fífọ́ lásán ni. Ẹ dìde nídìí iná, ẹ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, ẹ ò sì jí mọ́. Kí wọ́n tó kírun Alásárì, a ti ń wẹ̀ yín. Èmi ni mò ń bu omi. Ìyàwó Ààfáà fi kànrìnkàn fọ àtẹ́lẹwọ́ yín, ó fi ọṣẹ sí i, ó tún fi sí i, epo ò kúrò. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, mo bẹ̀ ẹ́ kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Epo yẹn ló tọ́ wa dàgbà. Àbí kò yẹ kí ẹ mú un dání lọ?

Àwọn tó wá kí mi ò mọ ọ̀rọ̀ míì sọ ju pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, á fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Rírọ́pò wo? Lẹ́yìn fìdáù, mo jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí, mo fẹ́ fọwọ́ mọ dòdò bíi tiyín. Kí n tó mọ ẹyọ kan tán, àtẹ́lẹwọ́ mi ti léròrò. Ni mo bá lọ gba abọ́ rọ́bà lọ́wọ́ adìyẹ, mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín: ó dáa. Epo gbígbóná ò ṣe é ní nǹkan kan, dòdò kì í lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀kan ò tóbi ju ọ̀kan lọ. Obìnrin kan tó ń ṣe dòdò ní Àpòmù wá bi mí bóyá ó tó nǹkan tí èèyàn ń fowó rà. Mo ní kó rà á tó bá rí i.

Àmọ́ awakọ̀ Pijó yẹn, èyí tó máa ń pè yín ní ìyàwó rẹ̀, dúró lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó mú dòdò, ó yí i po lọ́wọ́, ó wojú mi. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé ẹ ti lọ. Bó ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín nìyẹn, tó ń sunkún bí ọmọdé, táwọn èrò ọkọ̀ sì ń pè é.

Ọmọ mi obìnrin ló wá pa mí lẹ́kún. Ẹ mọ bó ṣe máa ń mú dòdò yín dání: á ki ìka rẹ̀ kéékèèké sínú ojú ìka yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má baà bọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fún un ní ti rọ́bà. Kò jẹ ẹ́. Ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, ó ń wá ibi tó máa ki ìka sí. Nígbà tí kò rí i, ó gbójú sókè wò mí. Mo bú sẹ́kún.

Mo ki ọwọ́ bọ omi tútù, mo wa díẹ̀ látinú epo, mo fọwọ́ mọ ọ́n. Ó jó mi débi pé mo ké pè yín. Ìka kékeré tèmi ò wọ́, kò lè jọ tiyín láéláé. Ṣùgbọ́n ọmọ náà rí ibi tó ki ìka sí, ó sì jẹun. Látìgbà náà, ti ọjà ń lọ sínú rọ́bà. Tiẹ̀ nìkan ni mò ń fọwọ́ mọ.

Ṣé bó ṣe ń jó yín lójoojúmọ́ nìyí, tí ẹ sì ń rẹ́rìn-ín sí wa?

Ẹ sùn re o, Màámi.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àtẹ́lẹwọ́ ń ta.