Bọ̀dá Mi Ló Ti App Pa Mọ́ Àwọn Akọrin, Èmi Ni Wọ́n Ń Pè Ní Oníjìbìtì

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lórí page yìí. Ẹ̀yin ará, orí mi ti dàrú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló dalẹ̀ mi, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi, àwa méjì péré làwọn òbí wa bí... Ká ní ará ìta ni, mi ò bá ti mọ ohun tí mo máa fojú ẹ̀ rí. Ẹ máa rí i pé mò ń pè é ní "ó". Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ni, ọ̀wọ̀ ló ti tán lẹ́nu mi. Mo fẹ́ gbìyànjú kí n má fi ìbínú kọ ọ́, àmọ́ mi ò ṣèlérí.

Ọmọ Iléṣà ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Òkè-Fíà tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí mo sì ń ṣe app. Ìdílé akọrin ni wọ́n bí mi sí. Màámi ti ń kọ alto kí wọ́n tó bí mi, Bọ̀dá mi ń kọ tenor, èmi nìkan lohùn mi dà bíi ti ewúrẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dáadáa, ẹ mọ̀ pé sol-fa ni wọ́n fi ń kọ́ orin, wọ́n á kọ ọ́ sójú pátákó, do re mi, kálukú á sì wá ipa tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà, àfi kó máa fetí jí ti ẹni tó jókòó tì í. Ohun tí mo rí nìyẹn tí mo fi ṣe app kan: ẹ̀ẹ́ tẹ sol-fa orin yín sí i, ẹ̀ẹ́ yan alto tàbí bass, fóònù á sì máa kọ ipa yín nìkan sí yín létí títí ẹ̀ẹ́ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ lè máa gbọ́ ọ nídìí ààrò, ẹ lè máa gbọ́ ọ lóko. Mo jìyà lórí iṣẹ́ yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ n parọ́.

Ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti kọ́kọ́ ń tà á. Ẹni tó bá rà á, màá fi sórí fóònù rẹ̀, màá fún un ní nọ́ńbà kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, nọ́ńbà yẹn ni láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń san án. Màámi ló bá mi polówó rẹ̀. Tí àwọn akọrin ìjọ mìíràn bá wá bá wọn kọrin, Màámi á mú fóònù wọn jáde, wọ́n á ní ọmọ àwọn ló ṣe é, pé ẹni tó bá rà á kò tún ní rà á mọ́ láyé ẹ̀. Báyìí ni ìjọ kan ń gbọ́ lẹ́nu ìjọ kejì tí wọ́n fi ń wá mi wá, láti Iléṣà títí dé Ìkejì-Arákeji.

Bọ̀dá mi ló ní ká gbé e lọ sórí store, ọjà orí fóònù tí gbogbo ayé ti ń ra app, kí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà lókè òkun náà lè máa rà á. Ìmọ̀ràn dáadáa ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí akáǹtì níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní káàdì tó ń san dọ́là. Tèmi kò ṣiṣẹ́, tiẹ̀ ṣiṣẹ́, ló bá ní ká fi orúkọ òun ṣí i. Ṣé mo máa wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé àdéhùn fún mi ni? Ẹni tó pọ̀n mí dàgbà? Lọ́dọ̀ tiwa, tó o bá dán irú ẹ̀ wò, wọ́n á ní o ti ń fojú olè wo ọmọ ìyá ẹ. Ó tún ní kí n da gbogbo iṣẹ́ náà kọ sórí flash kan fún òun, pé tí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù ńkọ́... mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi ọ̀dẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan. Store ò dá láísẹ́ǹsì tí èèyàn rà ní ṣọ́ọ̀bù mọ̀. Lójú tiwọn, ẹni tí kò bá rà á lọ́wọ́ àwọn kò tíì rà á. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ṣe ojú kan sínú app náà, pé ẹni tó ti rà á lọ́wọ́ mi á tẹ nọ́ńbà ẹ̀ àtijọ́ síbẹ̀, gbogbo ẹ̀ á ṣí fún un, kò ní san nǹkan kan. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò kí wọ́n lọ gbé ti orí store, pé kò séwu, nọ́ńbà wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìkórè ń sún mọ́lé, tí gbogbo akọrin ti ń múra orin, ni app náà ṣe update fúnra ẹ̀ lórí fóònù wọn. Ojú tí mo ṣe síbẹ̀ ti pòórá. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n sanwó. Mo rò pé àṣìṣe ni... mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún un yẹ̀ wò. Kì í ṣe àṣìṣe, ẹnì kan ló dìídì yọ ọ́. Mo fẹ́ wọ akáǹtì náà lọ tún un ṣe, password ti yí padà. Mo pe Bọ̀dá mi, kò gbé e. Ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn èèyàn ti dé. Ẹ mọ bí àwọn òṣómàáló ilẹ̀ wa ṣe máa ń lóṣòó sílé ẹni tó ra aṣọ àwìn lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Àwọn kan bú mi. Bàbá kan tó jẹ́ ọ̀gá akọrin ní Ìkejì, àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n kó fóònù gbogbo akọrin wọn sínú àpò ìrẹsì wá, wọ́n gbé e sórí tábìlì mi, wọ́n sì jókòó tì í. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ. Ẹnu àwọn tó ń bú mi ni mo ti gbọ́ pé Bọ̀dá mi ti ń sọ kiri ní Iléṣà pé èmi ni mo ní kí wọ́n ti àwọn tó ra ti ṣọ́ọ̀bù pa síta, pé òun bẹ̀ mí títí, mi ò gbà, pé Òṣogbo ti bà mí jẹ́.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Mo bá àwọn méjèèjì nílé, Màámi ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ gbọ́, Bọ̀dá mi ò tiẹ̀ jiyàn. Ó ní òun lòun gbé flash yẹn fún ẹnì kan ní Àkúrẹ́ pé kó yọ ojú náà, torí àwọn tó ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ ti pọ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ, pé orúkọ òun ló wà lórí akáǹtì, ohun tó bá wu òun lòun máa ṣe. Lọ́fẹ̀ẹ́? Àwọn tó ti rà á? Mo yíjú sí Màámi kí wọ́n lè bá mi bá a wí... Màámi ò gbójú sókè nínú ẹ̀wà. Wọ́n mọ̀. Wọ́n ti mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Àwọn gan-an ni wọ́n ní kó ti gbogbo ẹ̀ sí mi lọ́rùn.

Àlàyé tí Màámi ṣe ni pé ìjọ fẹ́ fi Bọ̀dá mi jẹ ọ̀gá akọrin lọ́jọ́ ìkórè, ipò tí bàbá wa wà kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní tí ọ̀rọ̀ yìí bá já lé e lórí, ìjọ ò ní fi í jẹ ẹ́ mọ́. Àmọ́ èmi, obìnrin ni mí, ilé ọkọ ni mò ń lọ, orúkọ ẹlòmíràn ni mo máa jẹ́, ohun tí wọ́n bá ń sọ nípa mi ní Iléṣà ò ní bá mi délé ọkọ. Wọ́n ní orúkọ Bọ̀dá mi ni orúkọ ilé. Ẹ̀yin ará, orúkọ tèmi ńkọ́? Èmi tí mo ṣiṣẹ́ yẹn? Ta ló tún máa gbé iṣẹ́ fún mi ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà? Ìyá tó bí mi ló jókòó tó ń ro èyí tó ṣeé sọ nù nínú orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀, tèmi ló mú. Mo sunkún padà sí Òṣogbo débi pé dírẹ́bà ń bi mí bóyá òkú ni mo lọ sin.

Mi ò káwọ́ gbera o. Mo ti ṣe òmíràn tí kò kan store rárá, tó ń ṣí pẹ̀lú nọ́ńbà wọn àtijọ́. Ó wà lọ́dọ̀ mi báyìí, nọ́ńbà fóònù gbogbo wọn náà wà lọ́wọ́ mi, kí n kàn fi ránṣẹ́ ló kù. Àmọ́ ta ló máa gbà á lọ́wọ́ mi? Ẹni tí wọ́n ń pè ní oníjìbìtì ló tún máa ní kí wọ́n yọ èyí, kí wọ́n fi ìyẹn sí i? Àfi kí n sọ ẹni tó ṣe é fún wọn. Tí mo bá sì sọ ọ́, ipò ọ̀gá akọrin ti bọ́ lọ́wọ́ Bọ̀dá mi nìyẹn, Màámi sì ti ní lọ́jọ́ tí mo bá sọ ọ́, kí n má pe àwọn ní ìyá mọ́.

Ó ti ku díẹ̀ kí n gbà láti dákẹ́, ìyá ṣáà ni ìyá ń jẹ́... Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, bàbá Ìkejì yẹn pè mí. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ wa ní Iléṣà làwọn ti jọ́sìn, torí àwọn ìjọ fẹ́ jọ dán orin ìkórè wò. Wọ́n ní nígbà ìdúpẹ́, Màámi jáde síwájú pẹpẹ. Wọ́n ní Màámi kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń ro wọ́n, wọ́n ń bẹ gbogbo akọrin pé kí wọ́n bá àwọn dárí ji ọmọbìnrin àwọn, ojúkòkòrò ló mú un. Bọ̀dá mi dúró tì wọ́n, ó di apá wọn mú, ó ń sunkún. Bàbá ní kò sẹ́ni tí omi ò bọ́ lójú ẹ̀. Wọ́n wá ní nítorí ìyá mi, àwọn náà ti dárí jì mí, kí n má ṣe irú ẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo fi dá wọn lóhùn? Mo ní ẹ ṣé, sà. Mo ní Ọlọ́run á bù kún yín, sà. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ẹ gbà mí o, ìkórè ti dé tán. App yẹn wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi tẹ̀lé e náà ti wà nílẹ̀, orúkọ Bọ̀dá mi wà nínú ẹ̀. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ kí n pàdánù ìyá mi ni, àbí kí n dákẹ́ kí n máa jẹ́ ẹni tí wọ́n dárí jì? Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọkùnrin tẹ́ ẹ sì bí obìnrin, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi gan-an... tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé orúkọ tèmi náà lẹ máa mú sọ nù?