Iṣẹ́ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Kọ Sí Ìwé Ikú Yín

Daddy mi ọ̀wọ́n,

Mo ti padà dé London láti Ìjẹ̀bú. Ọwọ́ òfo ni mo bọ̀. Ẹ ò mọ ohun tí mo wá lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Lọ́sẹ̀ tí ẹ kú, èmi ni mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀. Obìnrin tó ń kọ ọ́ béèrè iṣẹ́ yín. Mo ní síkiọ́rítì. Mi ò tilẹ̀ rò ó. Ó kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i, mo bọ́ sí Powis Street, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ṣọ́ fún ọdún mọ́kànlá kọjá. Ìgbà tí mo délé tí mo ka ìwé náà ni mo tó rí ohun tí mo ṣe.

Àkítẹ́ẹ̀tì ni yín. Ogún ọdún lẹ fi ya ilé fáwọn ará Ìjẹ̀bú kí ẹ tó kó wa wá sí London. Ẹ kì í ya báǹkì, ẹ kì í ya hòtẹ́ẹ̀lì. Ilé tí èèyàn ń gbé ni tiyín: ilé tíṣà, ilé dẹ́rẹ́bà, ilé nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ ó kọ́kọ́ lọ dúró lórí ilẹ̀ náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí ẹ mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Ẹ ó béèrè bóyá ìyá onílé máa bá a gbé, kí yàrá màmá má bàa jìnnà sí ilé ìwẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ yín kọjá Ṣàgámù, ìyẹn ò sì dùn yín.

London ni kò mọ ohun tó máa fi yín ṣe. Wọ́n ní kí ẹ padà lọ kàwé láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ mẹ́ta sì wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ jẹun. Ẹ wọ yunifọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday, lórí tábìlì ìjẹun wa ní Morris Walk, ẹ máa ń fi ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ pẹ́ńsùlù, ẹ ó tẹ́ pépà, ẹ ó máa ya ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní kọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan láti ilé ìwé wá kí mi. Ẹ fi pláànù hàn án, ẹ sọ fún un pé àkítẹ́ẹ̀tì ni yín. Ojú tì mí.

“Daddy, síkiọ́rítì ni ẹ́,” ni mo wí lójú rẹ̀. “Yé sọ nǹkan yẹn fáwọn èèyàn.”

Bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ ká pépà náà. Láti ọjọ́ náà, mi ò rí yín kí ẹ tún ya ilé mọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ mi ni? Àbí ojú yín ló ti ń ṣú? Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ní ààyè láti bi yín.

Mo padà lọ sí ọ́fíìsì náà pé kí wọ́n tún iṣẹ́ yín kọ. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí wo? Nígbà tí ẹ wà ní ọsibítù, tí ìjọba ìbílẹ̀ ní ká kúrò ní ilé wa ní Morris Walk kí wọ́n lè wó o, èmi ni mo kó ẹrù wa wá sí Thamesmead. Mo da àwọn pláànù yín nù pẹ̀lú kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Sátífíkéètì yín wà láàárín wọn. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìdí tí mo fi lọ Ìjẹ̀bú nìyẹn, bóyá onílé kan ṣì ní pláànù tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀. Uncle Múfú, àbúrò yín, gbé mi kiri fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú àwọn ilé náà, wọ́n ti sọ fàráńdà àwọn yòókù di ṣọ́ọ̀bù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù bí ẹ ṣe yà á, ilé Ìyá Tíṣà, ìyàwó tíṣà tí ẹ yà á fún. Oòrùn ń jó níta, inú ilé tutù.

“Ilé yìí kì í gbóná, ọmọ mi,” ni Mama wí. “Ọkọ mi ló yà á.”

“Daddy mi ló yà á, Mama.”

Wọ́n wò mí títí, wọ́n mi orí. “Rárá. Ọkọ mi ni.”

Mi ò bá wọn jiyàn. Ọmọ wọn gbé àpótí ìwé jáde. Ikán ti sọ gbogbo rẹ̀ di erùpẹ̀. Ó ní tí Iléyá bá ti kọjá, àwọn máa wó ilé náà, àwọn fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo fi fóònù yà á yípo, àmọ́ fọ́tò ilé kì í sọ orúkọ ẹni tó yà á. Nígbà tí mo padà sí London, obìnrin ọ́fíìsì náà fi sùúrù wo gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ Monday. Síkiọ́rítì náà ṣì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mummy rò pé ẹbí ni mo lọ kí.

Wọ́n ń kọ́ ilé tuntun níhà Tavy Bridge, nítòsí wa ní Thamesmead níbí. Mo máa ń dúró wò ó láàárọ̀ kí n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ti fi fèrèsé sí i báyìí. Mi ò mọ̀ bóyá ibi tó yẹ ni wọ́n kọjú wọn sí. Ẹ̀yin ì bá mọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi bá yín gbé, mi ò bi yín rí bí èèyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n tó.