Ilẹ̀kùn Tí Gbogbo Wa Ní A Máa Kàn

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí àdúgbò wa ń gbọ́ yín lórí rédíò.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé ìwé ìbéèrè kiri ojúlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi ọgbọ̀n ilé ládùúgbò wa, títí kan tèmi: "Bí ẹ bá gbọ́ tí ọkùnrin kan ń lu ìyàwó rẹ̀, ṣé ẹ máa kan ilẹ̀kùn wọn?" Gbogbo wa la ní a máa kàn án, àfi màmá aránṣọ. Màmá ní, "Mi ò kì í dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, igbe ìyàwó káfíńtà àdúgbò wa ta, ọkọ rẹ̀ ń lù ú. Ẹnu dùn-ún ròfọ́: ẹ̀yìn fèrèsé ni gbogbo wa dúró sí, èmi náà pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́. Màmá aránṣọ nìkan ló jáde, téèpù lọ́rùn, wọ́n kan ilẹ̀kùn náà títí ọkùnrin yẹn fi ṣí i.

Mo bi màmá bóyá kí n yí ìdáhùn wọn padà. Wọ́n ní, "Má yí i. Tí o bá tún bi mí lọ́la, ohun tí mo máa sọ náà nìyẹn."

Láti ìgbà náà, ara mi ò balẹ̀. Ọ̀gá mi ń retí ìwé ìbéèrè náà. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ bó ṣe wà? Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pè láti sọ pé òun ì bá kan ilẹ̀kùn. Ilé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó sọ bẹ́ẹ̀ ti wà nínú báàgì mi.